Eérú Tí Wọ́n Fi Ta Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́rẹ

Orí bẹ́ǹṣì ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú sí. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí bẹ́ẹ̀dì kò kárí. Kì í ṣe ilé rẹ̀, nítorí ilé rẹ̀ gan-an ló pa á. Bẹ́ǹṣì pákó kan ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ó jókòó, ó gbé orí lé èjìká ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń retí kí ó kàn wọ́n lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní kí Bàbá máa bọ̀, ó ti kàn wọ́n.

"Ẹ pe ẹlòmíràn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Tiwa ti kọjá."

Iléeṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú. Orúkọ iléeṣẹ́ hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Orúkọ olóògbé wà nísàlẹ̀, wọ́n sì ṣì í kọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe gbogbo apani ló ń rántí mú òdòdó dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún yín, torí pé lẹ́nu àwọn tó pa á, ó ti di "ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ wa àtijọ́." Bùrọ̀dá ni èmi ń pè é. Baba Eléérú ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé gìrìwò kan tó ní ṣímínì gíga tí èéfín ń gbà jáde, tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń wọ̀ lọ ní kíkún, tó ń jáde ní òfìfo. Ohunkóhun tí ẹ bá jù nù, ọ̀dọ̀ Bùrọ̀dá ló ń lọ: bátìrì rédíò tó ti kú, gílóòbù tó ti jó, agolo ọ̀dà, fóònù tó ti fọ́, ìlédìí ọmọ, bàtà ọ̀tún tí tòsì rẹ̀ ti sọnù. Iná á jó gbogbo rẹ̀. Ohun tó bá kù sí ìdí iléru, Bùrọ̀dá á fi irin gígùn wọ́ ọ síta. "Ẹ̀yin lẹ jẹun," ló máa ń wí fún wa, "èmi ni mo ń fọ abọ́."

Nígbà tó wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ bàbá wa, bàbá wa bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ iná ni, sà." Inú bàbá wa dùn, wọ́n rò pé iná mànàmáná ni. Ìgbà tí wọ́n fi máa mọ̀ pé iná ààtàn ni, ẹ̀gbọ́n mi ti lóyún. Títí bàbá wa fi kú, wọn ò yéé fi ọ̀rọ̀ yẹn dá Bùrọ̀dá lágara, Bùrọ̀dá kò sì yéé rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé. Á bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta, á wẹ̀, á fi kànìnkànìn ha ara bí ẹni ń ha ìkòkò, kó tó jẹ́ kí ọmọ kankan dì mọ́ òun. Síbẹ̀ eérú kì í tán nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ra tó báyìí, ẹni tó mọ̀ pé ohun tó wà lára òun kò yẹ kó kan ọmọ, òun ni wọ́n wá fi ẹ̀tàn gbé eérú náà dé àgbàlá rẹ̀ fún.

Ilé wọn wà ní ilẹ̀ tó rẹ̀ wálẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ aránṣọ, á sáré gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sórí tábìlì, tọkọtaya á wá gbé ẹsẹ̀ sórí àga bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi. "Ilé wa nìkan ni ẹja ti lè wá kí èèyàn," ni Bùrọ̀dá máa ń wí. Ó sọ àpárá yìí níbi iṣẹ́ títí gbogbo wọn fi mọ̀ ọ́n. Máníjà náà mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí Bùrọ̀dá fẹ̀yìn tì, máníjà dìde, ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní àwọn ti rò ó títí, kí ni àwọn lè fún ọkùnrin tó ti fi gbogbo agbára rẹ̀ sìn wọ́n? Àwọn gbọ́ pé omi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn máa kó eérú wá fi kún àgbàlá rẹ̀, títí ilẹ̀ á fi ga, láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Bùrọ̀dá sunkún. Mo wà níbẹ̀, mo rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú, na ọwọ́ sókè.

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n eérú kí ni?"

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Màmá, eérú ni eérú ń jẹ́. Ohun burúkú yòówù tó ti wà nínú rẹ̀, iná ti jó o."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá. Eérú yìí mọ́ ju ilẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ wọlé lọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ típà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Wọ́n fún Bùrọ̀dá ní ṣọ́bìrì tuntun, wọ́n ní kó dúró lórí òkìtì, kó rẹ́rìn-ín, wọ́n ya á ní fọ́tò. Wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò.

Ẹ dákun, ẹ bá mi rò ó wò. Ta ló ń fi ààtàn ta ni lọ́rẹ, tó tún ń ya fọ́tò sí i? Máníjà kò mọ̀? Mo sọ pé ó mọ̀. Òfin wà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà, pé irú eérú yìí kò gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀ lásán. Kòtò tí wọ́n fi rọ́bà nípọn tẹ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa dà á sí, ibi tó jìnnà sí omi tí èèyàn ń mu. Kòtò iléeṣẹ́ náà ti kún. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbẹ́ òmíràn. Òkìtì eérú ń ga lẹ́yìn ilé iṣẹ́, àwọn ọ̀gá láti òkè sì ń bọ̀ wá bẹ ibẹ̀ wò. Kí ni ọlọ́gbọ́n á ṣe? Á wá àgbàlá ẹni tó fọkàn tán an, á da ẹ̀gbin rẹ̀ síbẹ̀, á sì dúró gba ìdúpẹ́. Bùrọ̀dá kọ́ ló sì kan nìkan. Wọ́n fi kún àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò yẹn. Wọ́n fi tẹ́ pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú u ká, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dan, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níwájú àwọn ọmọ.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ilé kò tutù. Bùrọ̀dá gbé àga síta, ó ṣí agbòjò, ó jókòó sínú òjò, ó ń wo omi bó ṣe ń wọ ilẹ̀ lọ. "Ẹ wá wò ó," ló ń pè wá, "ilẹ̀ ń mu ún." Ilẹ̀ ń mu ún lóòótọ́. Ibi tó ń gbé e lọ ni ẹnikẹ́ni ò bi í. Kànga wọn wà lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, kò jìnnà sí ibi tí Bùrọ̀dá gbé àga sí.

Ọmọ-ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ẹnu ọmọ yìí mú. Kò tíì tó ọmọ tó ń wọ ilé ìwé tó ti ń ka orúkọ gbogbo ará àdúgbò àti tàwọn ọmọ wọn láìfo ọ̀kan. Orí eérú náà ló ti ń ṣeré. Ó ń fi igi ya ilé síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á rẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan náà jẹ búrẹ́dì.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí omi.

"Bàbá, omi yìí ti yí padà. Ó ń ṣe mí lẹ́nu bí ìgbà tí mo bá fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu."

"Abẹ́rẹ́ tí ò ń fi sẹ́nu látàárọ̀ náà ni."

"Èmi ni mo ni ẹnu mi. Mo mọ abẹ́rẹ́, mo mọ omi."

"Ṣé o rò pé àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ láti kékeré á fún mi ní ohun tó lè pa mí?"

"Mi ò sọ pé wọ́n fẹ́ pa yín. Mo ní omi ń ṣe mí lẹ́nu."

Bó ṣe parí nìyẹn. Ó fọkàn tán wọn. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọ́fíìsì yẹn: ọkùnrin yìí gbà yín gbọ́ ju ẹnu ìyàwó rẹ̀ lọ. Ohun tẹ́ ẹ fi san án fún un nìyí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Egungun ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé ó máa ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Ó lọ rí dókítà iléeṣẹ́, torí wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì ṣì lè wá. Dókítà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ orí ti ń dé." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Màmá, iyọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń fi sí ọbẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ ó pa ọkọ yín." Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí ẹrù. Ó yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ pátápátá. Omi kànga nìkan ló ṣẹ́ kù tó fi ń sè é.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di inú mú. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé ó ti ya ọ̀lẹ, kì í tẹ́tí sílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, mo ní kó ka orúkọ àwọn ará àdúgbò fún mi bó ti máa ń ṣe. Ó ka ti ilé àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Ó fi ìka kan iwájú orí rẹ̀.

"Bàbá kékeré," ló pè mí, "ó wà níbí láàná."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó wá fúnra rẹ̀. Ó bu omi kànga, ó bu eérú, ó gbé wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tó padà wá, kò jókòó títí ẹ̀gbọ́n mi fi fà á lọ́wọ́ jókòó.

"Bàbá," ló wí fún Bùrọ̀dá, "iná ń jó bébà, ó ń jó rọ́bà. Iná kì í jó òjé, ìyẹn lẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ohun tó yí òjé ká ni iná ń jó, títí á fi ku òjé nínú eérú. Òun àti kádímíọ̀mù, ìyẹn irin kan tó máa ń wà nínú bátìrì, tó máa ń ba kíndìnrín àti egungun jẹ́. Ṣé ẹ máa ń mu tíì?"

"Mò ń mu ún."

"Tẹ́ ẹ bá da omi gbígbóná sórí ewé tíì, ewé á kù, àwọ̀ rẹ̀ á bá omi lọ. Bí òjò ṣe ń ṣe eérú yín nìyẹn. Gbogbo òjò tó ti rọ̀, ṣe ló ń sẹ́ ẹ sínú kànga. Tíì yẹn lẹ ti ń mu látọjọ́ yìí."

Bùrọ̀dá kò sọ̀rọ̀ nípa kíndìnrín tirẹ̀ rárá. "Ọmọ náà ńkọ́?" ló bi í.

"Ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń bà jẹ́ jù, sà."

"Ṣé á padà bọ̀ sípò?"

Ọ̀rẹ́ mi wo ilẹ̀. "Èyí tó ti lọ kì í sábà padà. Èyí tó kù la lè dáàbò bò, tó bá kúrò níbí lónìí."

Ọmọ náà kúrò lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ wá mú un, wọn kò tiẹ̀ dúró jẹun. Bùrọ̀dá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ó di apá ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n lọ sí iléeṣẹ́. Kò bá wọn jà. Ẹ̀bẹ̀ ló lọ bẹ̀, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ wá kó ẹ̀bùn wọn. Wọ́n ní kó jókòó sábẹ́ fọ́tò ara rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ń wo bàtà wọn.

Máníjà tuntun ló jáde sí wọn. Ti àtijọ́ ti gba ìgbéga. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbé e ga. Ẹni tó wá ibi da eérú sí láìgbẹ́ kòtò, ṣé kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé ga? Èyí tuntun kò pariwo, kò bínú. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Bàbá, ẹ̀bùn kì í padà sọ́wọ́ olúwa rẹ̀. Látìgbà tó ti wọ géètì yín ló ti di tiyín. Ká tiẹ̀ ní ó ní nǹkan nínú bẹ́ ẹ ṣe wí, ẹ mọ̀ pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti tọ́jú ìdọ̀tí eléwu sílé rẹ̀ láìgba àṣẹ? Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá mú."

"Èmi?" ni Bùrọ̀dá wí.

"Ẹ̀yin. Mo sì bọ̀wọ̀ fún yín, mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín."

Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ìkà tó dùn létí bẹ́ẹ̀ rí? Wọ́n bu májèlé fún un, wọ́n wá fi ẹ̀sùn níní májèlé halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti ibẹ̀ dé ilé, ọkọ òun kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹni tó ń fi gbogbo nǹkan ṣe ẹ̀rín, tó ń kí gbogbo èèyàn títí kan ewúrẹ́ eléwúrẹ́, ó gba ẹ̀bá wọn kọjá.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìró ní àgbàlá. Ó jáde, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń wa eérú sínú bárò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́, ó fi àkísà wé e. Á wa díẹ̀, á sinmi lórí igi ṣọ́bìrì, á tún wa.

"Bàbá, ẹ ó kú."

"Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ ò mọ̀."

"Ìwọ mọ̀. O sọ fún mi." Ó tún bu ọ̀kan. "Jẹ́ kí n kó o kúrò kí ọmọ náà tó padà wá."

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jiyàn mọ́. Ó wọlé lọ mú korobá, ó wá dúró tì í, àwọn méjèèjì jọ ń kó o. Ohun tí ọkọ̀ típà fi ẹ̀rọ dà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan ni arúgbó méjì ń fi ọwọ́ kó, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń kú lọ. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi ṣubú lulẹ̀ lẹ́bàá bárò. Láti ibẹ̀ ló ti dé orí bẹ́ǹṣì tí mo sọ fún yín.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká wá jí. Wọ́n wọ bàtà rọ́bà tó mọ́ tónítóní, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára kànga, wọ́n fi àgádágodo tì í, wọ́n lọ. Eérú wà níbẹ̀. Wọ́n ti omi mọ́lé, wọ́n fi apààyàn sílẹ̀ níta. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n pé omi wo ni kí òun máa mu, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ka tàwọn.

Agbẹnusọ iléeṣẹ́ náà wá kí opó. Ó jókòó sórí àga tí Bùrọ̀dá máa ń jókòó sí, kò mọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun àwọn dé egungun, ṣùgbọ́n àwọn kò lè gbà pé eérú ló pa Bàbá. Ta ló yẹ òkú wò? Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ yára sin wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi ń rán etí aṣọ oníbàárà kan, kò gbé orí sókè. "Tó bá jẹ́ ohun tó pa á lẹ fẹ́ rí, kò bá a lọ sí sàréè. Ó wà ní àgbàlá. Ẹ ò ní láti wú òkú kẹ́ ẹ tó wú u."

Ọkùnrin náà wo aago rẹ̀, ó dìde.

Mo wá ń bá yín sọ ọ́ báyìí, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ àtẹ̀yin tí ìjọba fi ṣọ́ wọn. Mi ò bẹ̀ yín. Ẹ kó eérú yín kúrò nínú gbogbo àgbàlá tẹ́ ẹ dà á sí, kẹ́ ẹ sì gbẹ́ kòtò tí òfin ní kẹ́ ẹ gbẹ́. Ẹ gbé omi tó mọ́ wá fún àdúgbò yẹn, kì í ṣe lọ́la. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sọ èsì rẹ̀ fún àwọn òbí wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹ mú máníjà tẹ́ ẹ gbé ga, ẹ gbé e wá síwájú adájọ́, kó wá sọ ohun tó sọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má sì sọ fún wa pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Mo gba ẹ̀bá pápá ilé ẹ̀kọ́ yẹn kọjá láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ èyí. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, eruku ń sọ lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀kan ṣubú, ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. Ẹnì kan ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n da nǹkan yẹn síbẹ̀. Ẹni náà ní orúkọ, ó ní ọ́fíìsì, ó sì jẹun kó tó jáde láàárọ̀ òní.

Orúkọ rẹ̀ la fẹ́. Ẹ dárúkọ rẹ̀.